Ilẹ̀ Pákó ní Oyigbo: Kí Ni Kí A Fi Kùn Ún?

Ẹni tí ó bá ti Ìbàdàn lọ ṣiṣẹ́ ọwọ́ ní Oyigbo, ní ẹ̀bá Port Harcourt, yóò tètè mọ̀ pé òjò ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ tilé. Ti Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bí mílímítà 1,300 lọ́dún. Ti agbègbè Port Harcourt a máa kọjá 2,000. Nítorí náà, télọ̀ tàbí gbẹ́nàgbẹ́nà tí omi ń yọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lẹ́nu kò ṣìṣe bí ó bá gbé e lé orí òpó, tí ó sì fi pákó tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ìbéèrè tí ó kù ni ohun tí yóò fi kun pákó náà.

Fáníìṣì ni ojú ń kọ́kọ́ lọ bá, nítorí dídán rẹ̀. Ṣùgbọ́n fáníìṣì kì í wọ inú igi púpọ̀. Bí awọ ni ó ń bò ó lórí. Bí ọ̀rinrin bá gba abẹ́ pákó wọlé, awọ náà yóò wú, yóò sì máa bó. Bí ibì kan bá ti bàjẹ́, a fẹ́rẹ̀ẹ́ ní láti ha gbogbo rẹ̀ kúrò kí a tó lè tún un kùn kí ó dọ́gba. Ta ni yóò ti ṣọ́ọ̀bù pa nítorí ìyẹn?

Àwọn kan a máa lo epo ẹ́ńjìnì tí mẹkáníìkì ti dà nù, nítorí pé kò wọ́nwó. Epo náà kì í gbẹ. Aṣọ oníbàárà tí ó bá já bọ́ lé e ti bàjẹ́ nìyẹn. Epo pupa àti àdín pẹ̀lú kì í gbẹ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́.

Èyí tí èmi fara mọ́ ni òróró línsíìdì, tí a ń fún láti inú irúgbìn ewéko tí a fi ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀. Ẹ rí i pé “boiled” ni wọ́n kọ sára agolo rẹ̀, nítorí pé èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀ a máa pẹ́ púpọ̀ kí ó tó gbẹ. Ó ń wọ inú igi, ó sì ń le níbẹ̀. Níbi tí ó bá ṣá, ibẹ̀ nìkan ni a ó tún fi pa. Kò lè lé ikán o. Ti ikán, ìrókò ni kí ẹ rà, kì í ṣe àfàrà. Ẹ kùn ún nígbà ọyẹ́, nígbà tí pákó ti gbẹ, kí ẹ sì pa tinú tẹ̀yìn kí ẹ tó kàn án. Ẹ pa á fẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ nu èyí tí igi kò bá mu kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa lẹ̀, yóò sì bu bí búrẹ́dì.

Ṣùgbọ́n àkísà tí a fi nù ún lè gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ ènìyàn. Òróró yìí kì í gbẹ bí omi ti ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fà mọ́ra tí ó fi ń le, ooru a sì máa jáde. Bí a bá ká àkísà náà jọ sí igun kan, ooru kò rí ọ̀nà lọ. Láàárín wákàtí mélòó kan, ó lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Nígbà èwe mi, bàbá mi, gbẹ́nàgbẹ́nà ni, fi ọwọ́ mi kan ọ̀kan: ó gbóná bí áyọ́ọ̀nù. Ẹ sá wọn síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi gan, tàbí kí ẹ rì wọ́n sínú agolo omi, kí ẹ sì dé e. Télọ̀ tí aṣọ aláṣọ kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kí ó ṣe é kí ó tó ti ilẹ̀kùn lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an.