Páìpù irin ti gbówó lórí: Ọgbọ́n tí wẹ́dà lè dá kó má baà jẹ gbèsè nídìí bọ́ńpà jíìpù

Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi iná jó irin jẹun, ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ẹ́ sọ lónìí. Oníbàárà kan á wa Hilux tàbí jíìpù rẹ̀ dé, á ní ọ̀nà oko òun kò dáa, pé bọ́ńpà oníke tó bá ọkọ̀ náà wá ti fọ́, irin gidi lòun fẹ́ kẹ́ ẹ bá òun fi ṣe òmíì. Bó bá ti béèrè pé èló ni, ẹnu ẹlòmíì nínú yín kì í gbélẹ̀, kíá ló ti máa dá owó lé e. Oníbàárà á san àsansílẹ̀, á sì bá tiẹ̀ lọ. Ìgbà tí ọ̀gá wẹ́dà bá dé ìsọ̀ àwọn onírin ló máa tó mọ̀ pé owó tóun gbà kò tó owó páìpù, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti ẹ́lẹ́kítíróòdù àti epo jẹnẹrétọ̀.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kó má baà pàdánù, á lọ ra páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àga, á kùn ún ní dúdú kó lè dà bí ojúlówó. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà bá lọ forí sọ kùkùté, ńṣe ni bọ́ńpà á ká bíi bébà, orúkọ ìsọ̀ náà á sì bàjẹ́ ládùúgbò. Bẹ́ẹ̀, èèyàn lè rí páìpù tó dáa rà lówó pọ́ọ́kú tó bá mọ ohun tó ń wá.

Kí ló dé tí irin fi wọ́n?

Ayé Ààrẹ Shehu Shagari, tó ṣèjọba láti ọdún 1979 sí 1983, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé-iṣẹ́ irin ńlá tó wà l'Ájàòkúta. Títí di ọdún 2023, lẹ́yìn ogójì ọdún, iná ìléru ńlá ibẹ̀ kò tíì yọ́ irin rí. Ilé-iṣẹ́ irin tí wọ́n kọ́ s'Óṣogbo ní tiẹ̀, ọ̀pá irin táwọn kọ́lékọ́lé ń lò ni wọ́n torí ẹ̀ dá a sílẹ̀, kì í ṣe páìpù. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òkè òkun ni ọ̀pọ̀ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ká di páìpù ti ń wá, dọ́là ni wọ́n sì fi ń rà á. Nígbà tíjọba wá fi náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara ẹ̀ lọ́jà lóṣù kẹfà ọdún 2023, owó irin náà bá a fò sókè.

Ẹ mọ páìpù tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ rà

Àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n máa ń fọwọ́ ara wọn ṣe bọ́ńpà ọkọ̀ tó ń wọ inú igbó, páìpù tí ìta rẹ̀ jẹ́ íǹṣì kan àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, tí ara rẹ̀ sì nípọn tó mìlímítà mẹ́ta, ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò. Ẹ fi mìlímítà mẹ́ta yẹn sọ́kàn. Páìpù àga àti páìpù sàlẹ́ńsà kò dé ibẹ̀ rárá.

Ohun tó máa ń dá àwọn ọmọṣẹ́ láàmú ni orúkọ páìpù. Èyí tí wọ́n ń pè ní íǹṣì kan ààbọ̀ lọ́jà, bẹ́ ẹ bá fi tépù wọn ìta rẹ̀, mìlímítà 48.3 ni, ìyẹn sì fẹ́ẹ̀ẹ́ tó íǹṣì méjì. Ojúlówó oní-íǹṣì méjì, mìlímítà 60.3 ni ìta tiẹ̀. Bẹ́ ẹ bá rán ọmọṣẹ́ lọ ra íǹṣì méjì, tó sì fi tépù nìkan wọ̀n ọ́n, ó lè san owó íǹṣì méjì kó gbé íǹṣì kan ààbọ̀ wálé.

Ẹ tún wọn gígùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Mítà mẹ́fà lọ́pọ̀ èèyàn ń rò pé òun ń rà, ṣùgbọ́n àwọn páìpù kan wà tí wọ́n gé sí mítà 5.8 kí wọ́n lè wọnú kọ̀ǹténà.

Òṣùwọ̀n kì í parọ́

Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ, níbi nínípọn ni wọ́n ti rẹ́ wọn jẹ. Ẹ má wo etí ibi tí wọ́n ti gé páìpù nìkan, nítorí ẹ̀rọ ìgérin máa ń fi èérún sílẹ̀ létí, tá á jẹ́ kó dà bí ẹni pé ó ki. Ẹ fi fáìlì há a kẹ́ ẹ tó fi kálípà wọ̀n ọ́n.

Bí kò bá sí kálípà, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ẹ yọ nínípọn rẹ̀ kúrò nínú fífẹ̀ ìta rẹ̀, kẹ́ ẹ fi nínípọn náà ṣe ìsọdipúpọ̀ èyí tó kù, kẹ́ ẹ tún wá fi 0.02466 sọ ọ́ di púpọ̀. Ohun tó bá jáde ni iye kílò tí mítà kan máa wọ̀n. Páìpù mìlímítà 48.3 tó nípọn tó mìlímítà 3.2, tó gùn ní mítà mẹ́fà, á wọ̀n ju kílò mọ́kànlélógún lọ díẹ̀. Tó bá jẹ́ mìlímítà méjì ló nípọn, kò ní í pé kílò mẹ́rìnlá. Kò sí bí ontajà ṣe lè fẹnu dídùn bo kílò méje mọ́lẹ̀.

Ibi tẹ́ ẹ ti lè rí i ní pọ́ọ́kú

Ní Èkó, ọjà Owódé Onírin, lójú ọ̀nà Ìkòròdú, kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nídìí iṣẹ́ yìí. Ọjà Ládípọ̀ ní Mushin náà wà níbẹ̀ fẹ́ni tó ń wá bọ́ńpà àlòkù tó lè tún ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé àwọn tó ń fi páìpù ṣe àkàbà fún kọ́lékọ́lé. Bí páìpù wọn bá ti tẹ̀ lápá kan, kò wúlò fún wọn mọ́, bẹ́ẹ̀ mìlímítà 48.3 náà ni ìta ẹ̀, ó sì máa ń ki dáadáa. Àwọn tó ń fi irin kọ́ ilé ìkẹ́rùsí náà máa ń ní àjákù tó gùn tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bẹ́ ẹ bá sì jẹ́ wẹ́dà mẹ́ta tàbí mẹ́rin ládùúgbò kan, ẹ dáwó jọ kẹ́ ẹ ra ìdì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Owó ọkọ̀ kan lẹ máa san, ẹ ó sì lẹ́nu ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ ontajà.

Àlòkù kì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀pọ̀ o. Ká fi ṣàpẹẹrẹ lásán pé páìpù tuntun jẹ́ ₦40,000, tí àlòkù jẹ́ ₦25,000, ṣùgbọ́n tí ìpáàtà ti jẹ mítà méjì nínú mẹ́fà àlòkù ọ̀hún. Mítà kan tuntun jẹ́ nǹkan bíi ₦6,670. Mítà kan àlòkù tó ṣeé lò jẹ́ ₦6,250. Bẹ́ ẹ bá fi owó díìsì tẹ́ ẹ fi máa ha ìpáàtà kún un, èrè ti lọ.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ẹrù olè. Páìpù epo rọ̀bì, irin ojú irin àti irin ẹ̀gbẹ́ afárá kì í ṣe ọjà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ ra ẹrù olè, òfin kì í dá a sí.

Èrè kì í ṣe kéèyàn kú sí i

Páìpù omi tí wọ́n fi síńkì bò máa ń pọ̀ nínú àlòkù. Bí iná bá kàn án, èéfín funfun rẹ̀ lè dá ibà síni lára lálẹ́ ọjọ́ náà, mílíìkì tí àwọn kan ń mu kò sì ní kí èéfín má wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ ha síńkì náà kúrò lójú ibi tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ jó, kẹ́ ẹ sì ṣiṣẹ́ níta gbangba. Páìpù tó bá ti gbé epo tàbí gáàsì rí, ẹ má fi iná kàn án, ó lè bú gbàmù.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ẹ́ fi yanrìn àti iná tẹ páìpù, yanrìn náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa. Omi inú yanrìn tútù á di oruku gbígbóná, á sì wá ọ̀nà jáde tipátipá. Ẹ jẹ́ kí ojú ibi tí wọ́n ti jó páìpù pọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má ṣe wà nínú tàbí lẹ́yìn ibi tó ti tẹ̀, kó má baà là.

Ara ṣáásí ni kẹ́ ẹ de bọ́ńpà mọ́, kì í ṣe ara páànù ọkọ̀. Ẹ sì sọ òótọ́ fún oníbàárà: irin líle níwájú ọkọ̀ lè ṣèdíwọ́ fún bí báàgì afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́, ó sì lè ṣe ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn léṣe gan-an. Nítorí ìyẹn ni àjọ ilẹ̀ Yúróòpù fi ṣòfin lé irú bọ́ńpà bẹ́ẹ̀ lórí lọ́dún 2005.

Ẹ gé e lórí bébà ná

Kẹ́ ẹ tó dá owó lé iṣẹ́, ẹ ya gbogbo ègé tẹ́ ẹ nílò sórí bébà. Ègé méjì oní-mítà 1.7 àti mẹ́rin oní-sẹ̀ǹtímítà 60, mítà 5.8 ni lápapọ̀. Ọ̀pá mítà mẹ́fà kan á gbé e, àyè á sì ṣẹ́ kù fún ojú ibi tí díìsì máa jẹ. Àmọ́ tí ọ̀pá yín bá jẹ́ mítà 5.8 géérégé, ẹ ó ní láti dín ègé kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó ra ọ̀pá kejì nítorí ìwọ̀nba díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè iye tí páìpù jẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ro ẹ́lẹ́kítíróòdù, díìsì, epo, ọ̀dà àti iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ọn, kẹ́ ẹ tó la ẹnu.

Oníbàárà tó bá ń kánjú, ẹ ní kó padà wá gbọ́ iye rẹ̀ lọ́la. Ó sàn kó bínú lọ lónìí ju kẹ́ ẹ fi owó àpò yín bá a ra bọ́ńpà lọ. Ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.