Kọ́ńsónáǹtì Ṣ àti Ìkọ́ni ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn

Ní àwọn agboolé Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrúnkà, ẹ̀ka-èdè tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń sọ kì í ya ìró S sọ́tọ̀ kúrò lára Ṣ. "Ṣí ilẹ̀kùn" a máa di "sí ilẹ̀kùn". Èyí kì í ṣe àṣìṣe. Bí ẹ̀ka-èdè náà ti rí nìyẹn. Ìṣòro a máa dé nígbà tí ọmọ bá ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ship àti sip yóò dọ́gba lẹ́nu rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rù yẹ̀yẹ́ náà lè mú un máa pe Ṣ níbi tí ó yẹ kí ó pe S.

Àfúnnupè àìkùnyùn ni ìró méjèèjì. Bí a bá ń pe S, iwájú ahọ́n yóò sún mọ́ èrìgì òkè. Bí ó bá jẹ́ Ṣ, ahọ́n yóò fà sẹ́yìn díẹ̀ sí ìhà àjà ẹnu. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, ètè a sì máa ṣù díẹ̀.

Etí ni ó yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ tọ́. Kí ó fi sá àti ṣá, sí àti ṣí bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àmì abẹ́ lẹ́tà ti yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú ìwé Yorùbá. Lẹ́yìn èyí ni kí ó kọjá sí Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tí a bá bá wí nítorí èdè ilé rẹ̀ yóò panu mọ́ ni. Ẹni tí kò sì lanu kò lè kọ́ ìró.