Àmì Pupa Láti Ọ̀nà Ọlọ́dà Dé Orí Òkè Rysy

Adágún Morskie Oko wà ní gúúsù orílẹ̀-èdè Pólándì, láàárín àwọn òkè Tatra tí wọ́n pààlà sí àárín orílẹ̀-èdè náà àti Slofákíà, ojú omi rẹ̀ sì fi mítà 1,395 ga ju ìtẹ́jú òkun lọ. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè àwọn ará Pólándì ni "Ojú Òkun", ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú òkun tí ọkọ̀ ń gbà kọjá ni wọ́n ní lọ́kàn, bí kò ṣe ojú tí ènìyàn fi ń ríran, nítorí àwọn ará àtijọ́ gbà gbọ́ pé ihò kan wà nísàlẹ̀ adágún náà tó gba abẹ́ ilẹ̀ lọ títí tó fi kan òkun, bí ẹni pé ibẹ̀ ni òkun ti ń yọjú wo àwọn òkè. Wọ́n ti wọn jíjìn omi náà láti ìgbà pípẹ́, kò ju nǹkan bí mítà 51 lọ, kò sì sí ọ̀nà òkun kankan nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ohun tó mú kí àfonífojì yìí yẹ fún àlàyé ni pé gbogbo oríṣi ọ̀nà tí ènìyàn fi ń pọ́n òkè ló pé sí ojú kan níbẹ̀, láti orí ọ̀nà ọlọ́dà tí ìyá lè ti ọmọ rẹ̀ gbà nínú kẹ̀kẹ́ ọmọdé, dé orí ògiri àpáta tí ẹni tí kò mọ okùn lò kò gbọdọ̀ sún mọ́. Ìsúnmọ́ra àwọn ọ̀nà wọ̀nyí ló sọ ibẹ̀ di ilé-ẹ̀kọ́ fún àwọn agunkè ńláńlá, òun náà ló sì ń tan àlejò jẹ, nítorí ẹni tó bá rìn dé etí adágún láìṣe wàhálà máa ń rò pé ohun tó kù níwájú kò lè le ju èyí tó ti rìn lọ.

Yìnyín ló gbẹ́ àfonífojì náà. Ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òtútù ayé pọ̀ ju ti ìsinsìnyí lọ fíìfíì, òjò dídì, ìyẹn yìnyín wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run bí òwú, ń kó jọ lórí àwọn òkè náà láìyọ́, ó ń tẹ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ó fi di odò yìnyín, tó ń rọra wọ́ lọ sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú àpáta àti òkúta nínú ikùn rẹ̀. Bó ṣe ń wọ́ ló ń ha ilẹ̀, tó ń gbẹ́ kòtò, tó sì ń to òkúta tó kó bọ̀ jọ síwájú bí ìsédò. Nígbà tí ayé móoru, tí yìnyín yọ́, omi kún àwọn kòtò náà: ọ̀kan di Morskie Oko, èkejì tó wà lókè rẹ̀, ní mítà 1,583, di Czarny Staw, ìyẹn Adágún Dúdú, tí jíjìn rẹ̀ tó nǹkan bí mítà 76. Ìdí nìyí tí ìsàlẹ̀ àfonífojì fi tẹ́jú, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dìde sókè lójijì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó dúró létí omi ní láti gbé orí sẹ́yìn pátápátá kó tó lè rí ibi tí àpáta parí sí.

Palenica Białczańska ni ọ̀pọ̀ àlejò ti ń bẹ̀rẹ̀ ìrìn, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀nà ọlọ́dà tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 9 gba inú igbó lọ, ó sì fi nǹkan bí mítà 400 gòkè kó tó dé ilé ìgbàlejò tó wà létí omi, ìrìn tó ń gba ẹni tí kò kánjú ní wákàtí méjì àbọ̀. Wọ́n fi orúkọ Oswald Balzer pe ọ̀nà náà, onímọ̀ ìtàn òfin tó rojọ́ fún Galicia, agbègbè tí apá gúúsù Pólándì yìí jẹ́ tirẹ̀, nígbà tí Galicia àti Húngárì, tí àwọn méjèèjì wà lábẹ́ ọba kan náà ní Austríà nígbà náà, ń du adágún yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ onídàájọ́ tó jókòó ní ìlú Graz ní ọdún 1902 dá Galicia láre, ìdájọ́ yẹn ló sì mú kí Morskie Oko wà ní Pólándì lónìí.

Lára igi àti òkúta lẹ́bàá ọ̀nà yìí ni wọ́n kun àmì sí: ìlà funfun méjì pẹ̀lú ìlà pupa kan láàárín wọn. Ó yẹ kí oǹkàwé mọ̀ pé àwọ̀ àmì lórí òkè Tatra kò sọ bí ọ̀nà ṣe le tó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi ìyàtọ̀ sáàárín ọ̀nà kan àti èkejì, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ṣe ń fi ìyàtọ̀ sáàárín ilé àti ilé. Àmì pupa tó wà lójú ọ̀dà yìí kan náà ló gba etí omi lọ, tó gòkè dé Czarny Staw, tó sì ń lọ títí dé orí Rysy, òkè tó ga jù lọ ní Pólándì, ní mítà 2,499. Kò sí ibi kankan tí àwọ̀ náà ti yí padà láti sọ fún arìnrìn-àjò pé ìrìn fàájì ti parí, pé òkè gígun ló kù.

Yíyí Morskie Oko po kò gbà ju nǹkan bí wákàtí kan lọ. Láti etí omi lápá kejì, àtẹ̀gùn òkúta ló gòkè lọ sí Czarny Staw, níbi tí omi ti dúdú, tí ó sì tutù nini, nítorí òjìji àpáta ló sábà máa ń bò ó. Àwọn ọ̀nà mìíràn ṣí lọ sí ọwọ́ òdìkejì: ọ̀nà kan ń lọ sí Szpiglasowa, àlàfo láàárín òkè méjì tó ga tó mítà 2,110, tí ẹni tó bá kọjá á yóò sọ̀ kalẹ̀ sí Àfonífojì Adágún Márùn-ún, èkejì ń lọ sí àlàfo tí wọ́n fi orúkọ oníṣègùn Tytus Chałubiński pè. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ le, tó sì ní bàtà tó dára, lè rìn wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Rysy kò rí bẹ́ẹ̀. Láti etí Czarny Staw dé orí rẹ̀, gígòkè náà lé ní mítà 900, ìyẹn ju ìlọ́po méjì gbogbo èyí tí arìnrìn-àjò gùn lójú ọ̀nà ọlọ́dà, ó sì ń gba nǹkan bí wákàtí mẹ́ta. Lápá òkè ni wọ́n ti kan ẹ̀wọ̀n irin mọ́ àpáta, kí ènìyàn lè rí nǹkan dì mú. Ẹ̀wọ̀n náà tutù, ọwọ́ àwọn tó ti gbà á kọjá sì ti fọ̀ ọ́ dán. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpáta abẹ́ rẹ̀ ṣe dán níbi tí gbogbo ènìyàn ń gbé ẹsẹ̀ lé, èyí tó jẹ́ pé bí òjò bá ta sí i díẹ̀, yóò yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹ̀wọ̀n kan náà ni ẹni tó ń gòkè ń dì mú, òun náà ni ẹni tó ń sọ̀ ń dì mú, nítorí náà àwọn méjèèjì máa ń dúró de ara wọn lójú àpáta tóóró, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó wà lókè lè fi ẹsẹ̀ ta òkúta lu ẹni tó wà nísàlẹ̀. Akoto ló ń gba orí lọ́wọ́ irú òkúta bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gun ibẹ̀ láìdé e.

Ewu kejì ni mànàmáná. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìjì máa ń kó jọ lórí òkè Tatra lẹ́yìn ọ̀sán, irin sì máa ń gbé iná mànàmáná kiri. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 2019, mànàmáná kọlu òkè Giewont, tó wà ní ìwọ̀-oòrùn àfonífojì yìí, nígbà tí èrò kún orí rẹ̀ níbi tí ẹ̀wọ̀n àti àgbélébùú irin ńlá wà; ènìyàn mẹ́rin kú lórí òkè náà, àwọn tó farapa sì lé ní 100. Ìdí èyí ni àwọn tó mọ òkè fi ń gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́, kí wọ́n lè ti kúrò lórí ẹ̀wọ̀n nígbà tí ìkùukùu bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Lọ́tọ̀ ni ọ̀nà àwọn tó ń fi okùn gun àpáta, tí ẹnikẹ́ni kò kun àmì sí. Òkè Mnich, ìyẹn "Ajẹ́jẹ̀ẹ́-ìsìn", dúró sórí Morskie Oko bí ẹni tó wọ aṣọ olórí bíbò, àwọn ọ̀nà tó gùn ún sì wà láti èyí tó rọrùn dé èyí tó le koko. Ògiri Kazalnica tó yọrí sókè Czarny Staw ló lókìkí jù. Níbẹ̀, ẹni méjì ló máa ń so ara wọn mọ́ okùn kan: ọ̀kan yóò máa gùn, yóò máa fi irin há inú pàlàpálá àpáta, yóò sì fi ìkọ́ so okùn mọ́ irin náà; èkejì yóò dúró sójú kan, yóò máa tú okùn sílẹ̀ fún un díẹ̀díẹ̀, kó lè há a bí ẹsẹ̀ ẹni tó wà lókè bá yọ̀. Ní irú ibi báyìí ni ìran àwọn agunkè Pólándì kan ti kọ́ ìfaradà tí wọ́n gbé lọ sí Himalaya. Andrzej Zawada ló ṣáájú àwọn tó kọ́kọ́ rìn gbogbo orí òkè Tatra já nígbà òtútù ní ọdún 1959, ó gbà wọ́n ní ọjọ́ 19, òun náà ló sì ṣáájú ikọ̀ tí Leszek Cichy àti Krzysztof Wielicki ti jáde gun Everest ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1980, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni dé orí rẹ̀ nínú òtútù. Orílẹ̀-èdè tí òkè rẹ̀ tó ga jù lọ kò pé mítà 2,500 ló bí wọn. Òtútù Tatra àti ògiri àpáta rẹ̀ ló kọ́ wọn.

Nígbà òtútù, àfonífojì náà di ibòmíràn pátápátá. Òjò dídì á bo àmì àti ẹ̀wọ̀n mọ́lẹ̀, ọ̀nà tó sì jẹ́ àtẹ̀gùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn á di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó ń dán, tí ènìyàn kò lè rìn láìsí irin eléyín lábẹ́ bàtà àti àáké yìnyín lọ́wọ́. Èyí tó burú jù ni ọ̀gbàrá òjò dídì: òjò dídì tuntun tí kò tíì lẹ̀ mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ yóò já lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì ya lulẹ̀ pẹ̀lú ohun gbogbo tó bá wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kíní ọdún 2003, irú ọ̀gbàrá bẹ́ẹ̀ gbé ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń gun Rysy lọ, ó fọ́ yìnyín ojú Czarny Staw, ènìyàn mẹ́jọ ló sì kú. Ẹni tí òjò dídì bá bò mọ́lẹ̀ láàyè, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú 15 ló ní kí ìrètí tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn tó bá a rìn nìkan ló lè tètè hú u jáde, bí wọ́n bá ní ṣọ́bìrì àti ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò sọ ibi tó wà.

Ikú lábẹ́ irú ọ̀gbàrá òjò dídì bẹ́ẹ̀ ló wà lẹ́yìn ìdásílẹ̀ TOPR, ẹgbẹ́ àwọn adóòlà orí òkè Tatra. Mieczysław Karłowicz, olórin ńlá tó tún jẹ́ agunkè, wà lára àwọn tó ń pè fún irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kú sábẹ́ òjò dídì ní oṣù Kejì ọdún 1909, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, Mariusz Zaruski sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ yìí ló ń kéde ìpele ewu ọ̀gbàrá òjò dídì nígbà òtútù, láti 1 dé 5. Ìpele 3 kò dún létí bí ohun tó burú, nítorí ó wà láàárín, ṣùgbọ́n ewu gidi ni ó ń tọ́ka sí.

Ẹni tó bá gun Rysy lè sọ̀ kalẹ̀ sí apá Slofákíà, nítorí kò sí ìyẹ̀wò ìwé ní ààlà náà mọ́ láti oṣù Kejìlá ọdún 2007. Ní mítà 2,250 lápá yẹn ni ilé ìgbàlejò tó ga jù lọ ní gbogbo Tatra wà, ẹ̀yìn àwọn alábàárù sì ni púpọ̀ nínú oúnjẹ àti ohun ìdáná rẹ̀ ń gbà débẹ̀. Nísàlẹ̀ pátápátá, nítòsí adágún Popradské pleso, ni wọ́n ti lẹ pátákó ìrántí mọ́ àpáta fún àwọn tó kú sórí òkè Tatra àti àwọn agunkè Tatra tó kú sórí òkè mìíràn láyé.

Ẹni tó bá ń gbèrò àtilọ, kó yan ìparí oṣù Kẹjọ tàbí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí òjò dídì ti yọ́ kúrò nínú pàlàpálá Rysy. Kó ka ìkéde ojú ọjọ́ kó tó kúrò nílé ìgbàlejò, bí ìkùukùu bá sì ti ṣú nígbà tó dé Czarny Staw, kó yí padà níbẹ̀. Adágún méjì ló ti rí yẹn, ó sì ti tó ìrìn ọjọ́ kan.