Òótọ́ àbí irọ́: Ṣé àìsàn olówó ni àìsàn ọkàn?

Ẹ dé Abúlé Òkúta ní Bàrígà, tàbí Ṣómólú, ní Èkó, kí ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ ilé ìtẹ̀wé tàbí ìyá ẹlẹ́ja pé kó lọ yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Ó ṣeé ṣe kó dá yín lóhùn pé: “Èmi tí mò ń wá owó oúnjẹ? Àìsàn olówó nìyẹn jàre.” Ọ̀pọ̀ wa ló gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká bi ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀rí.

Ìgbàgbọ́ yìí ní orísun. Nínú fíìmù, ọ̀gá oníkùn ńlá ló máa ń di àyà mú, tó sì ń ṣubú. Àìsàn yẹn wà lóòótọ́: ọ̀rá ló ń dí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ fún ọkàn, ó sì ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Nílé wa ẹ̀wẹ̀, olówó ló ń rí dókítà, torí náà tirẹ̀ là ń gbọ́. Bí ẹsẹ̀ tálákà bá wú, tí kò sì lè mí dáadáa bó bá dùbúlẹ̀, àwọn ará ilé á ní ó tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ ni. Bó bá kú, kò sẹ́ni tó máa kà á mọ́ àìsàn ọkàn.

Skáànù ọkàn ló tú ọ̀rọ̀ yìí wò. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú aboyún ni: ó ń rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ wọ àyà, ìró náà á padà, á sì di àwòrán ọkàn bó ṣe ń lù. Kò dunni rárá. Ní Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, Abẹ́òkúta, láàárín 2009 sí 2010, àwọn dókítà lò ó, wọ́n sì ṣàkọsílẹ̀ aláìsàn 452 tí ọkàn wọn kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ mọ́. Nínú 100 wọn, ẹ̀jẹ̀ ríru ló ba ọkàn àwọn tó lé ní 78 jẹ́. Àìsàn inú fíìmù yẹn kò kó ẹyọ kan nínú 100.

Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ wáyé ní orílẹ̀-èdè 9 ní Áfíríkà, Nàìjíríà wà lára wọn, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2012. Nínú aláìsàn 1,006, ẹ̀jẹ̀ ríru ló tún ṣíwájú. Nǹkan bí 14 nínú 100 ni ọ̀nà ọ̀fun dídùn tí wọn kò tọ́jú nígbà èwe ti ba ilẹ̀kùn inú ọkàn wọn jẹ́. Yàrá tí èrò pọ̀ sí ló ń tan àìsàn ọ̀fun yẹn kálẹ̀. Ṣé ilé olówó nìyẹn? Tí a bá pín ọjọ́ orí àwọn aláìsàn náà dọ́gba, ọdún 52 ni. Ní Yúróòpù, àwọn tó ti lé ní 70 ló pọ̀ jù nínú irú wọn.

Ẹni tó mọ iyàn jà á ní ilé ìwòsàn kọ́ ni àdúgbò. Ó jàre. Ẹni tí iṣan ọkàn rẹ̀ dí lójijì lè kú kó tó débẹ̀, nítorí náà mi ò ní fi 452 yẹn búra pé iṣan dídí ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí kan wọ àdúgbò lọ: Ajégúnlẹ̀, Ìjọ́ra Olóyè, àti Mákòkó tó wà létí ọ̀sà kan náà pẹ̀lú Bàrígà. Wọ́n yẹ ènìyàn 964 wò, èsì sì jáde ní 2013: nǹkan bí 38 nínú 100 ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Bí apá ẹni tó ń gún iyán lójoojúmọ́ ṣe ń ki, bẹ́ẹ̀ ni ògiri ọkàn tó ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru jà ṣe ń nípọn. Ọkàn kò sì ní ọjọ́ ìsinmi. Á le, á rẹ̀, á fẹ̀, omi á wá máa kó sí ẹ̀dọ̀fóró àti ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni èyí fi ń lọ láìsí ìrora, kì í sì í ya ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ sọ́tọ̀.

Irọ́ ni pé àìsàn olówó ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Owó skáànù lè wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí wọ́n ń dè mọ́ apá ti tó láti mú ọ̀daràn tó ga jù, ìyẹn ẹ̀jẹ̀ ríru. Tí nọ́ńbà òkè bá dé 140, tàbí tí ìsàlẹ̀ bá dé 90, tí wọ́n sì tún un wò tí kò yí padà, oògùn rẹ̀ wà. Ojoojúmọ́ là ń lò ó, títí kan ọjọ́ tí ara bá yá gágá.