Kí Ló Dé Tí Àtúnṣe Yín Kò Tíì Hàn n'Ìbàdàn?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé oṣù keje ọdún 2023 ni, ẹ jókòó sí ilé ìkàwé kan ní Toronto, ẹ ń ṣàtúnṣe nínú Wikipedia Yorùbá. Àdàkọ kan, ìyẹn àpótí kékeré tí ojú ìwé púpọ̀ jọ ń lò, ṣì ń pe John Tory ní mẹ́yọ̀ Toronto. Bẹ́ẹ̀ ó ti fi ipò sílẹ̀ láti oṣù kejì, Olivia Chow ló sì wọlé ìbò ní oṣù kẹfà. Ẹ yí orúkọ náà padà nínú Àdàkọ, ó hàn kedere. Ẹ wá pe ẹ̀gbọ́n yín n'Ìbàdàn lórí fóònù pé kí wọ́n ṣí ojú ìwé Toronto. Wọ́n ní, "Tory náà ni mò ń rí o!"

Kò sẹ́ni tó ń purọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ̀dà àtijọ́ ni ẹ̀gbọ́n ń kà. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé wọ́n ti pa iṣẹ́ òun rẹ́, á tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, títí ọ̀rọ̀ á fi di ìjà.

Ibi tí ẹ̀dà àtijọ́ ń gbé ni wọ́n ń pè ní cache. Ó ń dún bíi káàṣì tí a ń ná lọ́jà, ṣùgbọ́n kì í ṣe owó. Ọ̀rọ̀ Faransé ni. Àwọn tó ń sọ Faransé ní Kánádà yìí, àwọn ọlọ́dẹ àti oníṣòwò awọ ẹranko, ló ń lò ó fún ibi tí wọ́n ń fi oúnjẹ pamọ́ sí lójú ọ̀nà. Ní 1968, IBM lò ó fún ibi ìpamọ́ kékeré tó yára nínú kọ̀ǹpútà System/360 Model 85. Èmi ì bá pè é ní aká, bí aká tí àgbẹ̀ ń kó àgbàdo sí, kó má baà di pé ó ń lọ sóko kó tó jẹun.

Aká méjì ló kàn wá níbí. Ọ̀kan wà nínú fóònù yín, lọ́wọ́ buráwúsà. Èkejì wà lọ́wọ́ Wikipedia: wọ́n ní ẹ̀rọ ìpamọ́ ní Ashburn ní Amẹ́ríkà, ní Amsterdam, ní Marseille, ní Singapore àti níbòmíràn. Ashburn sún mọ́ Toronto. Yúróòpù ló sún mọ́ ará Ìbàdàn jù. Àlejò ni àwọn ẹ̀rọ yìí ń bu ẹ̀dà fún. Ẹni tó bá ti wọlé pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ kì í gbà á níbẹ̀. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀yin rí lè yàtọ̀ sí ti ẹ̀gbọ́n.

Bí ẹ bá tún ojú ìwé kan ṣoṣo ṣe, Wikipedia fúnra rẹ̀ á sọ fún àwọn ẹ̀rọ náà pé kí wọ́n da ti àtijọ́ nù. Àdàkọ ló ń pẹ́, torí gbogbo ojú ìwé tó ń lò ó á tò sórí ìlà. Ẹ má dúró dè é. Ẹ lọ sí ojú ìwé tó kù sẹ́yìn, ẹ fi ?action=purge kún ìparí àdírẹ́sì rẹ̀, ẹ tẹ Enter, kí ẹ sì gbà nígbà tó bá bi yín.

Bí ẹ̀gbọ́n ò bá tíì rí i síbẹ̀, a jẹ́ pé inú fóònù wọn ni. Lórí kọ̀ǹpútà Windows, Ctrl àti F5 papọ̀ á mú buráwúsà lọ gba ẹ̀dà tuntun wá. Lórí fóònù, kí wọ́n ṣí ojú ìwé náà nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀. Fèrèsé yẹn kì í lo aká àtijọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré ní kí wọ́n lọ sí sẹ́tìn kí wọ́n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Wi-Fi ọ̀fẹ́ la ní ní yunifásítì. Dátà tí ẹ̀gbọ́n fowó rà ni fóònù wọn á fi tún kó gbogbo àwòrán wọ̀nyẹn wá. Bí wọ́n bá tún ṣèèṣì pa cookies rẹ́ mọ́ ọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá pásíwọ́ọ̀dù kiri. Nítorí orúkọ mẹ́yọ̀ kan ṣoṣo!

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ojú òpó tiyín ńkọ́? Ẹ̀yin lẹ máa pinnu ọjọ́ orí ẹ̀dà. max-age=3600 túmọ̀ sí pé buráwúsà lè lò ó fún wákàtí kan láì bi yín. Ẹ ṣọ́ra fún no-cache, orúkọ rẹ̀ ń tanni jẹ. Kò ní kí wọ́n má fi pamọ́. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè kí wọ́n tó lò ó. Bí nǹkan kò bá yí padà, 304 ni ẹ̀rọ yín á dá a lóhùn, dátà táṣẹ́rẹ́ ló sì máa ná ẹ̀gbọ́n.