Annie Malone: Obìnrin Tó Fi Ìpara Irun Kọ́ Ilé Fún Àwọn Èèyàn Rẹ̀

Ìtàn oníṣòwò kan la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kì í ṣe ará ọ̀dọ̀ wa. Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ó sì ti kú láti 1957. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kà á dé ibi tí ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin náà á ní, "Háà, a mọ irú èyí."

Annie Turnbo ni wọ́n ń pè é láti ilé bàbá rẹ̀. Ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ, 1869, ni wọ́n bí i ní ìlú Metropolis, ní Illinois, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ogun tó tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Kò tíì dàgbà tí bàbá kú, tí ìyá kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ. Àìsàn kò jẹ́ kó parí ìwé, àmọ́ ohun méjì wọ̀ ọ́ lára níbẹ̀: ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì àti irun ṣíṣe. Ó bá pa méjèèjì pọ̀.

Ẹ gbọ́ ná, nígbà yẹn, ọ̀rá ẹran àti ọṣẹ líle ni ọ̀pọ̀ obìnrin adúláwọ̀ fi ń tọ́jú irun. Awọ orí á bó, irun á máa já. Annie po ìpara tirẹ̀, ó ń kiri. Ní 1902 ó kó lọ sí ìlú ńlá St. Louis, òun àti obìnrin mẹ́ta tó ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn tó ń pín ọjà káàkiri kò jẹ́ gba ọjà lọ́wọ́ adúláwọ̀. Kí ló wá ṣe? Ó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ní kí wọ́n jókòó kí òun bá wọn tọ́jú orí lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa tó ń fi èènì sórí gààrí, ṣé a ò mọ ohun tó ń ṣe? Nígbà tó fi máa di 1904, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Market Street. Àní, òpópónà Ọjà!

Ó ń kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́, wọ́n sì ń bá a tà. Ọ̀kan nínú wọn ni alágbàfọ̀ kan, Sarah Breedlove, tó kó lọ sí Denver ní 1905 tó sì dá tirẹ̀ sílẹ̀. Òun ni gbogbo ayé mọ̀ sí Madam C. J. Walker, orúkọ tirẹ̀ ló sì padà borí ti ọ̀gá rẹ̀. Ayédèrú náà tún ń jáde. Ní 1906 Annie fi orúkọ ọjà rẹ̀, Poro, sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba.

Ibi tó dùn jù fún wa rèé. Ní 1918 ó ṣí ilé ńlá kan tí wọ́n pè ní Poro College. Owó tó lọ sí i lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ìpara, tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ irun, àmọ́ kò mọ síbẹ̀ o. Ilé oúnjẹ wà níbẹ̀, gbọ̀ngàn ìpàdé wà níbẹ̀, ilé àdúrà, ibi eré ìdárayá, yàrá fún àwọn tó wá kọ́ṣẹ́, àti ọgbà lórí òrùlé. Ẹ rántí pé nígbà yẹn ní St. Louis, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ àwọn aláwọ̀ funfun kì í gba adúláwọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣèpàdé tàbí kó jókòó jẹun bí ọmọlúàbí, ọ̀dọ̀ Annie ni. Nígbà tí ìjì líle wó ilé lulẹ̀ nílùú náà ní 1927, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Red Cross ti ń ran àwọn èèyàn lọ́wọ́.

Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń tètè dé máa ń gba ẹ̀bùn. Àwọn tó bá fowó wọn ra ilé náà ń gba ẹ̀bùn, èyí sì wù wá púpọ̀. Ní 1919 ó fún ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí ní 10,000 dọ́là láti kọ́lé tuntun, ó sì ṣe alága wọn títí di 1943.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ọkọ. Ọkọ àkọ́kọ́ fẹ́ máa darí òwò, Annie kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní 1907. Ní 1914 ó fẹ́ Aaron Malone, olùkọ́ tẹ́lẹ̀ rí, ó sì fi í ṣe ọ̀gá pẹ̀lú ara rẹ̀. Lọ́dún 1927 tí wọ́n fẹ́ túká, ọkùnrin náà ní ìdajì gbogbo Poro ni kí wọ́n gé fún òun, pé ọgbọ́n òun ló gbé e dúró. Òwò tó ti ń lọ dáadáa kó tó mọ̀ ọ́n! Ilé ẹjọ́ gbé òwò náà sọ́wọ́ àjèjì fúngbà díẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Annie dúró tì í gbágbáágbá. Níkẹyìn ó san 200,000 dọ́là, ó sì gba Poro padà.

Ó kó lọ sí Chicago ní 1930, ó tún ra ilé sí i níbẹ̀. Àmọ́ gbèsè owó ìjọba ti ń gorí ara wọn. Owó kan wà tí ìjọba ń gbà lórí ohun ẹ̀ṣọ́ ara, kò san án bó ṣe yẹ. Nígbà tó fi máa di 1943, gbèsè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100,000 dọ́là. Ní 1951 ìjọba gba Poro, wọ́n sì ta ọ̀pọ̀ nínú ilé rẹ̀. Àwọn kan ní ìtọrẹ àánú ló pa á. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀. Mánéjà ló fi ìwé owó sílẹ̀ fún, òun kò jókòó tì í bó ṣe jókòó ti ìpara nígbà tó ń po ó.

Ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún, 1957, ló kú ní Chicago. Kò bímọ. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ló jogún ohun tó kù. Ilé àwọn ọmọ aláìlóbìí yẹn ti gba orúkọ rẹ̀ láti 1946, ojú rẹ̀ ló sì ṣe.