Fífi Kọ̀ǹpútà Gbẹ́ Ìjàpá

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá kan yan ẹranko tí yóò fi kọ̀ǹpútà gbẹ́, kí ó sì mú un rìn nínú àwòrán, kò ṣòro láti mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ yóò lọ. Ọkọ Yánníbo ni yóò mú. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn Ìjàpá tí mo ti rí nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ahun rárá. Ajá tí a da igbá bò lẹ́yìn ni wọ́n.

Nínú Blender, irinṣẹ́ tí Ton Roosendaal bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Netherlands ní ọdún 1994, awọ ẹranko dà bí àwọ̀n tí ojú rẹ̀ ní igun mẹ́rin mẹ́rin. A óò máa fa àwọn igun náà síwá sẹ́yìn títí ara ẹranko yóò fi yọ. Lẹ́yìn èyí ni a óò to egungun sínú rẹ̀, tí a óò sì sọ egungun tí apá kọ̀ọ̀kan yóò máa tẹ̀lé. Ibí gan-an ni wàhálà wà. Bí a bá fi ìpín yìí sílẹ̀ fún kọ̀ǹpútà nìkan, yóò pín ìkarahun fún egungun ẹsẹ̀ àti ti ọrùn tí ó wà nítòsí. Nígbà tí Ìjàpá bá sì gbẹ́sẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò máa rún bí àpò awọ.

Ìkarahun kì í ṣe ẹ̀wù. Ọ̀pá ẹ̀yìn ahun àti egungun ìhà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n di ọ̀kan. Kò lè bọ́ ọ sílẹ̀, bí a tilẹ̀ ń rí i bẹ́ẹ̀ nínú kàtúùnù. Nítorí náà egungun kan ṣoṣo ni ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ máa tẹ̀lé. Àmọ́ ahun igbó tiwa, irú èyí tí àwọn onímọ̀ ẹranko ń pè ní Kinixys, ní àrà tirẹ̀: oríkèé wà ní apá ẹ̀yìn ìkarahun rẹ̀, èyí tí ó fi lè pa ìdí rẹ̀ dé bí ìlẹ̀kùn. Ẹni tí ó bá wo àwòrán ahun ilẹ̀ òkèèrè nìkan kò ní mọ èyí. Kí ó fi egungun kejì, kékeré, síbẹ̀, kí ó má sì jẹ́ kí ó tẹ̀ ju díẹ̀ lọ, sísàlẹ̀ nìkan. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Ìjàpá ni ó ń gbẹ́, kí ó fo oríkèé náà, nítorí kì í tíì yọ nígbà èwe.

Ìpẹ́ ńláńlá 13 ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀, 5 ní àárín, 4 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ààlà wọn ni àlọ́ ń pè ní ojú ibi tí ìkarahun ti fọ́ rí. Ẹ gbẹ́ ẹ wọlé, ẹ má kàn fi ọ̀dà fà á.

Egungun ọrùn ahun jẹ́ 8, ó sì máa ń ká wọlé lókè-sódò bí lẹ́tà S. Mẹ́rin tó fún àwòrán, lójú tèmi. Ahun kò sì ní eyín. Mo mọ̀ pé ó máa ń wu akẹ́kọ̀ọ́ láti to eyín funfun sí i lẹ́nu kí ó lè rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn, ṣùgbọ́n ẹnu líle bí ti ẹyẹ ni tirẹ̀. Ọrùn àti ojú ni kí ó fi hùwà àrékérekè: kí ọrùn yọ díẹ̀, kí ó dúró, kí ojú wo ọ̀tún, kí ó wo òsì, kí orí tó jáde tán.